Ẹlẹ́rìí Tí Mo Kọ́ Ní Ohun Tí Yóò Sọ

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìlà kan ṣoṣo ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìlà náà ò gùn rárá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, nígbà tí oorun ń kùn mí, tí mo kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan di àwọ̀ ewé kí n lè lọ sùn:

TZ: Africa/Lagos

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù lè ti máa fura. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó àjọ ni, kò sì sí ọmọ Èkó tí ọ̀rọ̀ owó àjọ ò yé.

Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ mí rí

Mò ń bá Alhaja kan ní Bariga ṣe áàpù. Alájọ ni wọ́n, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn télọ̀ àti àwọn onídìrí. Káàdì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tó ní àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ti alájọ ni; ìyókù ni oníbàárà máa kó níparí oṣù. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n gbé káàdì yẹn sórí fóònù, kí èèyàn lè fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, kí áàpù sì fi àmì sí àpótí ọjọ́ náà.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi nìkan ni mò ń kọ ọ́, èmi náà ni mò ń dán an wò, lórí laptop kan ṣoṣo, nínú yàrá mi ní Ṣómólú. Bó bá ti yege lọ́dọ̀ mi, orí sáfà ló kàn, ìyẹn ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí áàpù ń gbé. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Yaba bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi dá sí i ni wàhálà dé. Ohun tó kọ ń ba tèmi jẹ́, tèmi ń ba tirẹ̀ jẹ́, gbólóhùn kan náà la sì ń jù lu ara wa lórí WhatsApp láàárọ̀ àti lálẹ́: "Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tèmi o."

Bá a ṣe gbé CI (continuous integration) kalẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní fi àlàyé dá yín dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá fi kóòdù ránṣẹ́ nínú àwa méjèèjì, ẹ̀rọ kan tí kì í ṣe tèmi, tí kì í ṣe tirẹ̀, máa gbà á, á to gbogbo rẹ̀ jọ láti ìpìlẹ̀, á ṣe gbogbo ìdánwò tá a kọ láti fi yẹ kóòdù náà wò, á sì sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ká lo Jenkins, ètò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo ní rárá. Ọ̀fẹ́ ni Jenkins lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa wá ẹ̀rọ tó máa gbé e, ìwọ lo máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, ta ló sì fẹ́ fi kún ohun tí iná ń bà jẹ́ nílé? GitHub Actions la lò, ti ilé iṣẹ́ GitHub tó ń bá èèyàn tọ́jú kóòdù; orí ẹ̀rọ tiwọn ló ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni kóòdù wa wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fún ẹni tí kò sanwó ní 2,000 ìṣẹ́jú lóṣù fún iṣẹ́ tí kò sí ní gbangba. Tiwa ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń yin CI láti òkè òkun kì í sọ, torí pé kò kàn wọ́n: iná àti dátà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mi ò tan jẹnẹrétọ̀ torí ìdánwò mọ́. Bí mo bá fi kóòdù ránṣẹ́, tí wọ́n mú iná lọ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ń lọ níbi tó wà. Àwọn àkójọ kóòdù àwọn ẹlòmíràn tí tiwa gbára lé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún megabyte, ẹ̀rọ yẹn ló ń fi dátà tiẹ̀ wà wọ́n sílẹ̀. Èyí témi fi ń ránṣẹ́ kéré ju fọ́tò òdòdó tí àǹtí yín máa ń fi kí gbogbo ẹbí lárọ̀ọ Mọ́ńdè lọ.

Méjì nínú 63

Òru ọjọ́ tí mò ń sọ yẹn, ìdánwò 63 ló wà nínú iṣẹ́ wa. Gbogbo wọn ló yege lórí laptop mi. Lórí ẹ̀rọ àjèjì yẹn, 61 yege, méjì pupa bí ata rodo.

Mo ṣí èyí àkọ́kọ́. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ò le: bí ẹnì kan bá sanwó ní aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì, àpótí wo la máa fi àmì sí? Ohun tí mo retí ni 1. Ohun tí ẹ̀rọ náà rí ni 31. Ó ti gbé owó náà padà sínú oṣù kìíní.

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi yan ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá méjìlá. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ ìdánwò náà, àsìkò yẹn ni wọ́n mú iná dé. Mo wo aago fóònù mi, mo sì kọ ohun tí mo rí.

Mo wá a tì fún nǹkan bíi wákàtí méjì kó tó yé mi. UTC ni aago ẹ̀rọ náà, ìyẹn aago àjùmọ̀lò tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n aago tiwọn, Èkó sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Nígbà tí ọjọ́ tuntun ti mọ́ fún wa lórí aago níbí, àná ṣì ni wọ́n wà níbẹ̀. Fún wákàtí kan lóòjọ́, láti méjìlá òru sí aago kan, èmi àti ẹ̀rọ yẹn ò sí nínú ọjọ́ kan náà.

Ìmọ̀ràn tí mo rí kà ni pé kí n fi ìlà kan, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kún fáìlì ètò CI, kí n sọ fún ẹ̀rọ náà pé Èkó ló wà. Mo fi kún un. Mo tún un rán. 63 nínú 63. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sí status mi, mo sùn oorun àsùnwọra.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà

Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta, Alhaja pè mí. "Níbo lo wà? Máa bọ̀. Ìyá Búrẹ́dì wà lọ́dọ̀ mi."

Mo ti ń ro ẹjọ́ lọ́nà. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àtẹ búrẹ́dì tó ti ṣófo wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ìdí ìborùn nu ojú. Inú ò bí wọn. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọmọ mi, èló ni mò ń dá lójúmọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni, mà."

"Ọjọ́ mélòó ló wà nínú oṣù tó lọ?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, mà."

"Yọ ti alájọ."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kù, mà."

Wọ́n tú ṣóńṣó aṣọ wọn, wọ́n mú ẹgbẹ̀rún kan jáde, wọ́n nà án sí mi. "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ni fóònù rẹ ní kí Alhaja kà fún mi. Gbà. Kì í ṣe owó mi."

Wọ́n wá yọ káàdì àtijọ́ jáde nínú ọ̀rá. Láti ìgbà tí áàpù ti dé, wọn ò tíì fi káàdì yẹn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi owó ránṣẹ́ tán, wọ́n á fi bírò fa ìlà sínú àpótí ọjọ́ náà. Ìlà méjìdínlọ́gbọ̀n fún oṣù kejì, wọ́n tò gbọọrọ bí eyín àgbàdo. Ìlà méjì fún oṣù kẹta. Mo ṣí fóònù. Oṣù kejì tí kò ní ju ọjọ́ 28 lọ, owó 29 ni áàpù mi kà sí i. Méjì wà nínú àpótí 28, bí ìbejì.

Alhaja bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Búrẹ́dì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí tèmi bá lé, ta ni tirẹ̀ dín?"

Mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sanwó ọjọ́ kìíní fún mi. Wọ́n ní alaalẹ́ ni àwọn máa ń sanwó lẹ́yìn ọjà, àfi ti ọjọ́ kìíní oṣù. Owó alájọ nìyẹn, àwọn kì í sì í fẹ́ kó pẹ́ lọ́rùn àwọn. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì lóru, tí wọ́n ń retí kí búrẹ́dì jáde nínú ààrò, wọ́n mú fóònù, wọ́n sì rán an. Mo wo àkọsílẹ̀ báńkì. Aago méjìlá òru kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Àyà mi já. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló wà láàárín àsìkò tí ìyá yẹn sanwó àti àsìkò tí mo kọ sínú ìdánwò mi.

Sáfà tí áàpù wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ará Èkó. UTC ló ń lò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tó pariwo fún mi ní oṣù kìíní. Ó gbé owó ọjọ́ kìíní oṣù kẹta sínú oṣù kejì. Nígbà tí Ìyá Búrẹ́dì tún sanwó lọ́jọ́ kejì, áàpù rò pé ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ lóṣù nìyẹn, ó sì yọ ọ́ fún alájọ. Níparí oṣù kẹta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ló yẹ kí wọ́n gbà; ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni áàpù máa pè.

Mo wò wọ́n lójú, mo ní, "Tiyín náà ló dín, mà. Níparí oṣù tá a wà yìí."

Wọ́n dáhùn pé, "Ó dáa," wọ́n sì ki káàdì wọn padà sínú ọ̀rá. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, a ti rí èèyàn mẹ́rin mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣàkíyèsí. Wọn ò ní káàdì mọ́. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jù ú nù.

Ojú àlejò

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò lè mọ ibi tí kòtò wà láàárín ọgbà. Ṣùgbọ́n lọ́rọ̀ tèmi yìí, onílé ni kò ríran. Mo ti bá aago Èkó gbé tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ̀ pé aago ìlú kan ni. Mo rò pé òun gan-an ni àkókò.

Láti oṣù kẹta ni mo ti ń yẹ àkọsílẹ̀ agbègbè àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé ń lò wò. Èkó ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1914 títí di 1919, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Èkó fi ń ṣíwájú aago Greenwich, tó bá ti UTC mu, kì í ṣe wákàtí kan. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ló di wákàtí kan odidi. Ìlà Èkó yìí kan náà ni Porto-Novo, Niamey, Douala, Luanda àti Kinshasa ń yá lò. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní parọ́. Ó sì tún fi yé mi pé aago tí mo fi ń búra gan-an, ẹnì kan ló jókòó tó yàn án.

Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe àìmọ̀kan. Bí mi ò bá gbé CI kalẹ̀ rárá, tí àṣìṣe yẹn ṣẹlẹ̀, màá ní mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo pe àlejò wá sílé pé kó bá mi wo ilé mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ògiri yìí là o." Èsì tí mo fún un ni pé kó yí ojú sẹ́yìn. Mo wá ẹlẹ́rìí, mo sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ nílé ẹjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo ya fọ́tò ẹ̀rí èké náà, mo fi ń yangàn.

Tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi lóru yẹn, màá ní mo tún ìdánwò ṣe ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ló ń pupa lójú mi, ẹ̀tẹ̀ wà lórí sáfà.

Ojú ẹni tó to ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àwọn atẹ̀wé ló ni í. Láàárọ̀, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí mi. Atẹ̀wé tó ń tẹ káàdì Alhaja ò jìnnà sí ilé mi, bàbá kan ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ro ẹjọ́ ara mi fún wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Wọn ò bá mi kẹ́dùn. Wọ́n fà mí lọ síbi tábìlì, wọ́n fi ìwé ìpè ìgbéyàwó kan hàn mí tí wọn ò tíì tẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á, mo ní ó dáa. Wọ́n ní àwọn náà kà á, ó dáa. Ìyá ìyàwó kà á, ó dáa. Ọmọdékùnrin kan tó ń kiri omi inú ọ̀rá ló bojú wò ó láti ẹ̀yìn wọn, tó bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé Jímọ̀ kọ́ ni ọjọ́ kẹrìnlá ni?" Sátidé ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ojú ẹni tó to ọ̀rọ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ rí," wọ́n ní. Bí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n ń ka iṣẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kí ojú má bàa fún wọn ní ohun tó ti há sórí. Nígbà tí mò ń lọ, wọ́n tún ní, "Ọmọ olómi yẹn, mi ò sọ fún un pé ọjọ́ wo ni kó rò pé ó jẹ́ kó tó kà á o." Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo gbà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí irú ìlà mi yẹn káàkiri. Àwọn tó ń kọ́lé mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ bu kọnkéré sínú mọ́ọ̀dù onígun mẹ́rin, kí ilé ìdánwò lè fọ́ ọ lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí wọ́n fi mọ bó ṣe lágbára tó. Ó yẹ kó jẹ́ inú kọnkéré tí wọ́n ń dà sí òpó gan-an ni wọ́n ti bù ú. Ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn bíríkìlà sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá ò sí nítòsí. Wọ́n á sọ fún yín nípa èyí tí wọ́n pò lọ́tọ̀ fún ilé ìdánwò, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kún dáadáa. Ìwé àbájáde á jáde, á mọ́ tónítóní. Òpó tó wà nínú ilé ò mọ̀ nípa ìwé.

Ohun tí àwọ̀ pupa rí

Mo yọ ìlà náà kúrò. Méjì tún pupa. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí n tó fọwọ́ kan kóòdù. Ọ̀rẹ́ mi ní Yaba rò pé mi ò rí i ni. Mo fẹ́ kí àwọ̀ pupa yẹn máa wò mí lójú ni.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ ò gba ìrọ̀lẹ́ kan. Kóòdù wa kì í béèrè mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ pé ọjọ́ wo la wà. UTC la fi ń tọ́jú àsìkò owó, bó bá sì di ọ̀rọ̀ àpótí, kóòdù fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé Èkó ni ilé alájọ, níbikíbi tí ẹ̀rọ bá wà. A wá ní kí CI máa ṣe gbogbo ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹ́ta: lórí aago UTC, lórí aago Èkó, àti lórí aago Auckland ní New Zealand, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà táwa ń jẹun alẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta di mẹ́sàn-án. 2,000 ìṣẹ́jú ṣì gbé ìgbà 222 lóṣù, àwa méjèèjì ò sì lè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Auckland kò fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdánwò kan tí a ò ronú kàn rárá ló pupa: ìkíni. Bí oníbàárà bá ṣí áàpù, ó máa ń kí wọn bí àsìkò bá ṣe rí. Aago sáfà ló ń wò. Nígbà tí agogo bá lu méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán lÉkòó, mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì máa kí àwọn ìyá ọlọ́jà pé "Ẹ káàárọ̀." Mo rántí pé Alhaja ti sọ ọ́ fún mi láti oṣù kejìlá, pé ọmọ inú fóònù yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí àárọ̀. Mo rò pé àwàdà ni. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹta, mi ò sùn. Mo jókòó ti laptop nínú òkùnkùn, bátìrì wà ní ìdá mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Aago méjìlá lù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mẹ́rìnlá. Ní méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, owó kan wọlé, ẹgbẹ̀rún kan náírà, àmì sì bọ́ sínú àpótí kìíní oṣù kẹrin.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí ohùn kan fi wọlé sórí WhatsApp mi, ariwo ilé búrẹ́dì lẹ́yìn rẹ̀: "Ọmọ mi, mo ti fa ìlà sínú tèmi o. Tìrẹ ńkọ́?"